Ṣé rìpọ́bílíìkì kì í ṣe ìjọba tiwantiwa ni?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Houston, Màmá Houston la máa ń pè wọ́n. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń múra ìdánwò sítísẹ́ẹ̀nì, èmi ni wọ́n sì sọ di tíṣà wọn lórí fóònù. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbé fóònù ti ìgò ata gígún lórí tábìlì, wọ́n á ní, "Ó yá, bi mí." Mo máa ń rí ara fìríìjì lẹ́yìn wọn. Bébà pélébé-pélébé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: 100 fún iye àwọn sẹ́nétọ̀, 435 fún ilé aṣojú, 1787 fún ọdún tí wọ́n kọ ìwé òfin.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé náà: irú ìjọba wo ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà? Wọ́n ní ìjọba tiwantiwa ni. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n gbà á ni ọkọ wọn, tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nítòsí, pariwo láti pálọ̀: "Rárá o! Rìpọ́bílíìkì ni Amẹ́ríkà, kì í ṣe dẹmọkírésì. Má lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú òyìnbó o, wọ́n á ní o ò mọ nǹkan kan."

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di orin. Ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò níbẹ̀, ẹ ó rí i nínú WhatsApp ẹbí, ẹ ó sì tún bá a pàdé níbi ìsọmọlórúkọ bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti gbóná. Ẹni tó bá sọ ọ́ á wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti jáwé olúborí. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ìjọba tó ń ṣe ìdánwò náà sọ. Ìdánwò tuntun, èyí tí àwọn tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti October 20, 2025 ń ṣe, ní ìbéèrè 128. Òṣìṣẹ́ ìmígírésọ̀n lè bi èèyàn ní 20 nínú wọn, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gba 12. Ti tẹ́lẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìbéèrè 100, wọ́n á bi ọ́ ní 10, o gba 6, ó parí. Ìbéèrè kìíní nínú 128 yẹn ni mo bi màmá, ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀: rìpọ́bílíìkì, rìpọ́bílíìkì àpapọ̀ tó dúró lórí ìwé òfin, ìjọba tiwantiwa tí àwọn aṣojú ń ṣe. Èyí tó bá wu oníkálukú ni kó mú. Bí rìpọ́bílíìkì àti ìjọba tiwantiwa bá jẹ́ ọ̀tá ara wọn, kí ni wọ́n jọ ń wá lábẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo?

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ìbéèrè kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dáhùn. Rìpọ́bílíìkì ń dáhùn ìbéèrè pé, ta ló ni àga? Èsì rẹ̀ ni pé kò sí ìdílé tó ni ín. Bàbá kì í jẹ ẹ́ kó wá fi jogún fọ́mọ. Ìjọba tiwantiwa ń dáhùn òmíràn: ta ló ń gbéni gun àga náà, ta ló sì lè gbéni sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀? Èsì rẹ̀ ni ará ìlú, ìbò ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ìjọba tiwantiwa torí pé rìpọ́bílíìkì ni, bí ẹni tó ní mọ́tò yìí kì í ṣe pupa torí pé Toyota ni ló rí.

Ẹ wo ayé yíká. Ọba Charles ló wà lórí ìtẹ́ ní ìlú ọba, ìbò ni wọ́n sì fi ń lé ìjọba lọ níbẹ̀: tiwantiwa ni, kì í ṣe rìpọ́bílíìkì. Japan àti Sweden náà bẹ́ẹ̀. Ní Kòríà ti Àríwá, orúkọ méjèèjì ni wọ́n kó sínú orúkọ orílẹ̀-èdè wọn, dẹmọkírésì àti rìpọ́bílíìkì, bàbá sì ń gbé àga fọ́mọ, ọmọ ń gbé e fọ́mọ ọmọ.

Àwọn tó ń kọ orin yìí fẹ́ràn láti fi Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, ṣẹlẹ́rìí. Ní September 1787, nígbà tí ìpàdé tí wọ́n fi kọ ìwé òfin parí ní Philadelphia, obìnrin kan bi bàbá náà pé kí ni wọ́n gbé jáde. Ó ní rìpọ́bílíìkì ni, bí ẹ bá lè tọ́jú ẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Ṣùgbọ́n James McHenry, tó wà nínú ìpàdé yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè obìnrin náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn: ṣé rìpọ́bílíìkì la ní, àbí ìjọba ọba? Ọba ni wọ́n fi wé. Ó ṣe tán, ọwọ́ Ọba George III ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà bọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ tiwantiwa nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó fún wọn ní ẹ̀rí díẹ̀ ni James Madison, tóun náà wà lára àwọn tó kọ ìwé òfin. Ká sòótọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní November 1787, nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn, ó sì ya dẹmọkírésì sọ́tọ̀ kúrò lára rìpọ́bílíìkì. (Màmá mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ìbéèrè kan wà tó ní kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan nínú àwọn tó kọ àwọn àròkọ náà, tí wọ́n ń pè ní Federalist Papers.) Àmọ́ kí ló pè ní dẹmọkírésì? Ó ní ìlú kékeré kan ni, tí àwọn onílùú ń kóra jọ sójú kan, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣòfin, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ṣèjọba. Irú rẹ̀ ni Athens ayé àtijọ́ mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ bà á, torí ó rí i pé níbẹ̀, àwọn tó bá pọ̀ á kàn máa tẹ àwọn tó kéré mọ́lẹ̀. Rìpọ́bílíìkì lójú tirẹ̀ ni ibi tí ará ìlú ti ń yan aṣojú.

Ní báyìí, ta ló ń pe ìyẹn ní ìjọba tiwantiwa lóde òní? Ta ló ń kó gbogbo ọmọ Nàìjíríà jọ sójúde Àbújá pé kí wọ́n wá nawọ́ lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì? Tí àwa bá sọ pé tiwantiwa, aṣojú tí a dìbò yàn là ń sọ. Ohun tí Madison pè ní rìpọ́bílíìkì nígbà yẹn ni aráyé wá ń pè ní tiwantiwa lónìí. Ọ̀rọ̀ ló ṣípò. Ẹni tó bá gbé ìtumọ̀ 1787 wá sínú àríyànjiyàn ọdún yìí ń fi òṣùwọ̀n ìyá àgbà wọn gàrí tuntun ni. Àti pé Madison fúnra rẹ̀, ní January 1788, tún kọ ọ́ pé ìjọba tó ń gba gbogbo agbára rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, yálà tààrà tàbí gba ọwọ́ ẹlòmíì, ni rìpọ́bílíìkì.

Mo gbà pé àwọn kan nínú wọn ní nǹkan gidi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà "democracy" kò sí nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà lóòótọ́, ẹ wá a títí. Abala kẹrin rẹ̀ sì ṣèlérí ìjọba rìpọ́bílíìkì fún gbogbo ìpínlẹ̀. Kì í sì í ṣe òǹkà lásán ló ń gbéni dépò ààrẹ níbẹ̀: àwọn aṣojú 538 kan (Electoral College) ló ń di ìbò tó kángun, ẹni tó bá sì gba 270 ló wọlé. Ní 2016, ìbò Hillary Clinton fi nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Donald Trump lọ, Trump ló sì wọlé. Àwọn èèyàn Wyoming ò tó 600,000, ti California lé ní mílíọ̀nù 39, sẹ́nétọ̀ méjì-méjì ni wọ́n ní.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka ìbò nìyẹn. Ìbò ṣì ni. Àwa náà ní irú ẹ̀ nílé. Abala 134 ìwé òfin wa ti 1999 ní bí ìbò ẹnì kan tilẹ̀ pọ̀ jù, kò tíì di ààrẹ àfi tó bá rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ kí ẹnì kan torí ìyẹn ní Nàìjíríà kì í ṣe ìjọba tiwantiwa? Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wà o, àmọ́ nǹkan mìíràn ló ń bí wọn nínú. Abala 14 ìwé òfin kan náà tún fi gbólóhùn kan ṣoṣo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: Rìpọ́bílíìkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yóò jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dúró lórí ìlànà ìjọba tiwantiwa àti ìdájọ́ òdodo láwùjọ.

Àṣìṣe tiwa nílé yàtọ̀ díẹ̀, èdè wa ló sì dá a sílẹ̀. Tí a bá fẹ́ túmọ̀ rìpọ́bílíìkì, "orílẹ̀-èdè olómìnira" la máa ń kọ. Òmìnira kẹ̀? October 1, 1960 la gbòmìnira. October 1, 1963 la di rìpọ́bílíìkì. Fún ọdún mẹ́ta gbáko tó wà láàárín, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni olórí orílẹ̀-èdè wa, Nnamdi Azikiwe sì ń dúró fún un gẹ́gẹ́ bíi Gómìnà Àgbà láti November 1960. Abubakar Tafawa Balewa ló ń ṣèjọba gan-an, ìbò December 1959 ló sì gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ débẹ̀. Nígbà tí 1963 dé, wọ́n yọ orúkọ ọbabìnrin kúrò, Azikiwe di ààrẹ. Ta ló dìbò fún un? Kò sẹ́ni kankan. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin 1963 gan-an pé kí a kà á sí ẹni tí a ti yàn. Ìyẹn ni pé a ti ń dìbò kí a tó di rìpọ́bílíìkì, dídi tí a di rìpọ́bílíìkì ò sì fi ìbò kan ṣoṣo kún ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni January 15, 1966 dé. Ṣọ́jà gbàjọba. Àpótí ìbò lọ, rìpọ́bílíìkì ò lọ. Láti ìgbà náà títí di 1979, àti láti òpin 1983 títí di 1999, a ò fi ọba kankan jẹ lórí Nàìjíríà. Ìwé ìrìnnà tí bàbá mi gbà láyé Abacha, Federal Republic of Nigeria ni wọ́n kọ sí i lára gàdàgbà. Ìbò June 12, 1993, abẹ́ rìpọ́bílíìkì yìí kan náà la wà tí wọ́n fi wọ́gi lé e. Ẹni tó bá ń sọ pé rìpọ́bílíìkì ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ èèyàn, kó bi àwọn tó dúró lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn.

Ti àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ṣọ́jà kan, Mathieu Kérékou, gbàjọba níbẹ̀ ní 1972. Ní November 30, 1975, ó sọ Dahomey di Rìpọ́bílíìkì Àwọn Èèyàn Benin, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àpérò ńlá ti February 1990, wọ́n yọ "àwọn èèyàn" kúrò nínú orúkọ náà. Lọ́dún kejì, ní March 1991, àwọn èèyàn dìbò, Kérékou fìdí rẹmi, Nicéphore Soglo wọlé. Ìgbà tí wọ́n jáde kúrò nínú orúkọ ni wọ́n tó wọ inú ìjọba.

Kódà, ẹ wo Ìbàdàn. Kò sí ìdílé ọba kan pàtó níbẹ̀. Mọ́gàjí tó bá ti bọ́ sórí àkàsọ̀ oyè á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, yálà lọ́nà Ọ̀tún tàbí lọ́nà Balógun, títí yóò fi kan Olúbàdàn. Àwọn òpìtàn kan ti torí ẹ̀ pe Ìbàdàn ayé ogun ní rìpọ́bílíìkì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó to ìlà ìbò fún un rí.

Àwọn mìíràn ń fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà jiyàn, bí ẹni pé àwọn Republican ló ni rìpọ́bílíìkì, tí àwọn Democrat ni dẹmọkírésì. Kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà Ìwọ̀-Oòrùn ìjọ́sí. Dẹ́mọ̀ ni gbogbo wọn ń pe ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, torí "Democratic" wà nínú orúkọ rẹ̀. Ṣé ìbò October 1965 tó di wẹ́tìẹ, tí wọ́n ń dáná sun ilé àti èèyàn, wá jọ dẹmọkírésì?

Màmá lọ ṣe ìdánwò náà, wọ́n sì gbà á. Inú mọ́tò ni wọ́n ti pè mí, wọn ò tíì kúrò níbi tí wọ́n páàkì sí. Wọ́n ní bí àwọn ṣe gba ìkejìlá ni òṣìṣẹ́ náà pa ìwé rẹ̀ dé. Wọ́n ní ó bi àwọn ní ìdí tí ìlà 13 fi wà lára àsíá, ó sì bi àwọn ní iye sẹ́nétọ̀. Mo ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn wá ńkọ́?

"Kò tiẹ̀ bi mí!" Ohùn wọn le bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo há sórí, kò bi mí!"

Mo gbọ́ ohùn ọkọ wọn nídìí ọkọ̀: "Ká ní ó bi ọ́ ni, rìpọ́bílíìkì ni ò bá sọ."