Fìlà Awọ Ti Gorí Àwọn Gbajúmọ̀ Ìkòròdú

Ooru tó ń mú láti Agric dé Sábó kò tó àwọn gbajúmọ̀ ọkùnrin ìlú wa, wọ́n ní àfi kí àwọn fi awọ màlúù kún un. Fìlà awọ ló gbòde báyìí: awọ tó nípọn, tí wọ́n mọ bá orí ẹnìkan ṣoṣo, tó bo etí, tó tún sọ̀ kalẹ̀ bo ìpàkọ́. Bó o bá dé abetí-ajá lọ síbi ìnáwó lásìkò yìí, wọn á máa wò ọ́ bí ẹni tó wá gba àkàrà sàárà.

Ká má purọ́, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣúmékà á kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé oníbàárà lórí, á wá fi báńdéèjì POP, irú èyí tí wọ́n fi ń di eegun tó dá, lé e, kó lè rí àwòṣe orí rẹ̀ mú. Alhaji tí ìyàwó ilé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn lórí, òun ló jókòó jẹ́ẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ri awọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi jáde tán, wọ́n á fà á mọ́ àwòṣe náà, wọ́n á fi eegun dídán tẹ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Awọ tí wọ́n fi bàgàrúwà, èso igi kan tí àwọn Hausa fi ń pa awọ láró kó má bàa jẹrà, tàbí èèpo igi ṣe ló ń gbọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà chrome ṣe kì í gbà. Bó bá gbẹ, á padà síbi tó ti ń bọ̀. Omi tó gbóná jù, awọ á sún kì, á sì le gbagidi. Abẹ́ ibòji ló sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ.

Aláìnísùúrù kan ní Ẹ̀bútẹ́ sá tirẹ̀ sórí páànù. Ó sán láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní àrà ni.

Wàhálà gan-an wà níbi ìkíni. Fìlà àwọn baba wa, o rí ọba, o ṣí i, o ká a, ó wọ àpò. Awọ kì í ká. Níbi òkú kan, ẹ̀gbọ́n kan dọ̀bálẹ̀ fún olóyè, fìlà kọ̀, kò ṣí. Ọmọ méjì dì í mú létí, wọ́n ń fà. Baba ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ má fa orí ọlọ́rí tu." Nígbà tó bọ́, tòun ti òógùn, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó dojú sókè. Obìnrin tó ń palẹ̀ oúnjẹ mọ́ kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó da eegun adìyẹ sínú rẹ̀.

Ní 2022, olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ni níṣẹ́ awọ ní Zaria ní kí wọ́n fòfin de pọ̀nmọ́, torí pé jíjẹ tí à ń jẹ ẹ́ ló ń pa iṣẹ́ awọ lára. A bú u, a tún fi pọ̀nmọ́ jẹ ẹ̀bà lé e. Àṣé kò nílò òfin, oge ló nílò. Ìyá oní-pọ̀nmọ́ kan ní Sábó ti ń bèèrè sáìsì orí oníbàárà kó tó gbé awọ sórí iná.