Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí

Ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jà: gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ò le tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ló pọ̀ jù. Olùwà, àbọ̀, awẹ́ gbólóhùn, a há gbogbo rẹ̀ sórí, síbẹ̀ wọn ò sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà fún wa.

Ẹ wo "The dog bit the man." Ẹ gbé ọkùnrin ṣíwájú: "The man bit the dog." Ọ̀rọ̀ kan ò yí padà, àmọ́ ẹni tí wọ́n bù jẹ ti di ẹlòmíràn. Ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì ò rí báyìí. "Se hund" ni ajá tó ń buni jẹ, "þone hund" ni ajá tí wọ́n bù jẹ. Ibi yòówù kí ẹ gbé e sí, àmì ti wà lára rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni irú àmì bẹ́ẹ̀ parẹ́, ó ku "he" àti "him" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ipò ló wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, nítorí bí tiwa náà ṣe ń tò nìyẹn: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "only". "Only she told him": kò sí ẹlòmíràn tó sọ fún un. "She told only him": kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ wá fi sáàárín, "She only told him", ìtumọ̀ á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Lẹ́nu, ohùn lè tú u. Nínú ìwé, ẹ ti há.

Kí wá ni àwọn olùkọ́ ń fi bíírò pupa fà lábẹ́? "Who are you talking to?" Wọ́n ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn, bíi "to" yìí, ò gbọdọ̀ kẹ́yìn gbólóhùn. Dryden, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ti fi èyí bu Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré tó ṣáájú rẹ̀, ní 1672. Nígbà tó di 1762, Robert Lowth, tó kọ ìwé gírámà, ní àṣà náà bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu ju ìwé tó lọ́wọ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì kọ "strongly inclined to" nínú àlàyé yẹn! Àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ìmọ̀ràn di òfin. Àkọlé tèmi náà fi "sí" parí, ọ̀run ò wó.

Ẹ fi ọmọ tó kọ "talking to" sílẹ̀. Ẹni tó ṣi "only" gbé ni kí ẹ pè.