Ẹ Má Fún Mi Ní Aago Mẹ́wàá

Inú ń bí mi, mi ò sì ní gbé e mì. Láti ìparí oṣù karùn-ún ni mo ti ń ṣọ́ ògiri kan nínú Adó-Èkìtì yìí, kí n lè yàwòrán rẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, ilé tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tí àwọn tó kọ́ ọ fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sókè fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà jáde rí nílùú wa mọ ibi tí mò ń lọ.

Ògiri náà ò kọjú sí ìlà-oòrùn gan-an, ó yẹ̀ sápá àríwá díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oòrùn kì í yọ lójú kan náà yípo ọdún. Lóṣù Ọ̀pẹ, apá gúúsù ló máa ń gbà yọ; tó bá fi máa di oṣù kẹfà, á ti sún wá sápá àríwá. Àárín ọdún nìkan ni ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń kan ògiri yẹn lójú bó ṣe yẹ. Àárín ọdún yìí náà sì ni òjò Èkìtì kì í jẹ́ kéèyàn rímú mí. Ìgbà méje ni mo jí láago márùn-ún, ìgbà méje ni ìkùukùu dá mi padà sílé. Lọ́jọ́ kẹjọ, òjò ti fi gbogbo òru rọ̀, ó wá dá lójú mọ́. Ojú ọ̀run mọ́ roro, òjò ti fọ gbogbo eruku kúrò lójú afẹ́fẹ́. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́.

Mo débẹ̀ kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù. Mo gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, mo de kámẹ́rà mọ́ ọn, mo wá dúró. Àárín òkè ni Adó wà, ẹni tó wà lórí Òkè Ayọ̀bá á ti rí oòrùn kí àwa tó wà nísàlẹ̀ tó rí i, nítorí náà ara ìṣẹ́jú díẹ̀ tó yẹ ká ní gan-an, òkè á ti bá wa jẹ níbẹ̀. Bó ṣe yọjú báyìí, tí igun ògiri náà pọ́n bí oyin, tí ọnà orí fèrèsé àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde, ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń yà níbí?"

Mo yíjú, mo tẹríba. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ni, wọ́n tó bí mi. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ògiri ilé yìí ni, sà. Kò ní pẹ́."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ? Lẹ́tà dà?"

"Bàbá, ojú títì ni mo wà, mi ò wọlé."

"Mo ní lẹ́tà dà? Ọ̀gá ò tíì dé. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, kó o padà wá bá wọn sọ ọ́."

Aago mẹ́sàn-án! Mo bẹ̀ wọ́n títí. Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n ni ògiri ń funfun lójú mi. Kí n tó tú kámẹ́rà palẹ̀, ó ti parí. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan kọjá lásìkò yẹn, wọ́n na fóònù sókè, wọ́n fi ilé náà ṣe ẹ̀yìn, wọ́n ya ara wọn, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní lẹ́tà. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ni wọ́n ń fura sí.

Bàbá náà kọ́ ni mò ń bá wí o. Wọ́n rán wọn níṣẹ́, wọ́n ń jẹ́ ẹ. Àwọn tó rán wọn ni mò ń bá wí.

Ẹ gbọ́ mi, kó má baà dà bíi pé orí kunkun ló ń ṣe mí. Àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ pọ́n yẹn, òyìnbó ń pè é ní wákàtí wúrà. Tiwọn lè jẹ́ wákàtí lóòótọ́. Nígbà òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn kì í ga rárá láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀run ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Lọ́dọ̀ wa tí a sún mọ́ agbedeméjì ayé, ńṣe ló ń gòkè tààrà bí ọmọ tó ń gun ọ̀pẹ. Dígírì 15 ló ń rìn ní wákàtí kan. Kí ìṣẹ́jú 25 tó pé, ó ti fi nǹkan bíi dígírì 6 ga ju ilẹ̀ lọ, àwọ̀ oyin ti ṣí lára ilé. Ìṣẹ́jú 25 yẹn nìkan ni tiwa láàárọ̀, àti òmíràn nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá á ti dí gbogbo ojú ọ̀nà, tí ìta ò sì ní ṣeé dúró sí. 

Ọ̀sán ńkọ́? Ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní àtàrí wa gan-an nínú Adó. Òjìji rẹ á ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ní oṣù yòókù, kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àtàrí. Bí oòrùn bá wà lókè bẹ́ẹ̀, òrùlé á ju òjìji sílẹ̀, gbogbo fèrèsé á dúdú bí ojú ẹni tó fa fìlà bojú. Ọnà ara ògiri, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi í hàn. Tó bá ti orí wá, yálà kó tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kó wọ inú òkùnkùn pátápátá.

Mo kọ lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sọ fún mi pé kí n padà wá lọ́la. Láàárín rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú ọ̀run tún là láàárọ̀, mo tún lọ, wọ́n tún lé mi. Nígbà tí ìdáhùn máa dé, wọ́n kọ ọ́ pé mo lè yàwòrán láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Nínú gbogbo wákàtí tó wà nínú ọjọ́, wọ́n wá wákàtí mẹ́rin tó burú jù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ fún mi.

Mo bi akọ̀wé tó fún mi ní lẹ́tà náà pé, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò lè yí i sí aago mẹ́fà àbọ̀?"

"Ta ló ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́fà àbọ̀? Ṣebí ẹ máa fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi jù. Kọ̀ǹpútà ò lè tún ohun tí kámẹ́rà ò rí ṣe! Fèrèsé tó bá dúdú wọlé, òkùnkùn lo máa bá níbẹ̀. Bó o bá sì fipá ṣí i, àmì tótòòtó ló máa yọ jáde, kì í ṣe ọnà tí ẹnì kan fi ọwọ́ ṣe. Ẹ ò lè fi ọ̀dà kun ọ̀sán kó di àárọ̀. Ẹni tó bá sì ní kí n dúró dìgbà ọyẹ́, oòrùn á ti padà sí gúúsù, kò ní kan ògiri náà lójú bó ṣe yẹ mọ́, eruku Sàhárà á sì ti sọ ọ́ di àwo funfun lójú ọ̀run.

Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924 tí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley. Àga ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Òpó ìloro tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní Chicago. Ẹ wo àwòrán wọn. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ tanná sí wọn, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ilà ojú, gbogbo irun dídì ló yọ síta. Wọ́n mọyì ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ, wọ́n wá ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ wa, tí Ọlọ́run ń tan ìmọ́lẹ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀, àwa ń ti géètì mọ́ ọn di aago mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó àwọn ilé wọ̀nyí, ẹ fi aago mẹ́fà sí aago méje ààbọ̀ sílẹ̀. Ẹ gba orúkọ wa, ẹ gba nọ́ńbà fóònù wa, bí ẹ bá ní ká sanwó, a ó san án. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́nà pé ojú títì kì í ṣe tiyín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń dúró de lẹ́tà yẹn ni wọ́n wó pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ládùúgbò wa, ilé alámọ̀ tó ní fàràńdà onígi lókè. Mo ti ní in lọ́kàn pé mo máa ya á bí mo bá ti parí ti ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ tó là lóṣù yẹn, ẹnu géètì yẹn ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ onílé pè mí láti Èkó. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí bàbá wọn, ó béèrè bóyá mo ní àwòrán ilé náà. Ẹyọ kan ni mo ní, tí mo fi fóònù yà nígbà tí mò ń kọjá lọ́sàn-án. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó dúpẹ́, ó wá bi mí pé ṣé kò sí èyí tí fàràńdà ti hàn, níbi tí bàbá wọn máa ń jókòó sí láràárọ̀. Kò sí. Òjìji òrùlé ló bò ó.