Ẹ Fi Igun Kan Sílẹ̀ fún Ẹ̀gà

Ní Sátidé kan, òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo lọ jókòó nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan níbí n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo rí ọkùnrin méjì tó gbé ọ̀pá gígùn, wọ́n ń fi já ìtẹ́ ẹ̀gà bọ́ lórí ọ̀pẹ. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?" Èyí àgbà nínú wọn ní àwọn tó gba ọgbà fún ìgbéyàwó ọ̀sán ló fẹjọ́ sùn pé ariwo ẹyẹ ti pọ̀ jù, pé wọ́n sì ń su sórí kánópì. Ẹyin méjì já bọ́ nínú ìtẹ́ kan, ó fọ́ sórí ìntálọ́ọ̀kì. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí DJ tan ẹ̀rọ rẹ̀, tí gbogbo àyà mi ń mì jìgìjìgì. Ẹ̀gà ló ń pariwo o!

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wa. Pálọ̀ tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Igi máskúréèdì tò lọ bí ọlọ́pàá tó ń dúró de gómìnà. Íńdíà àti Sri Lanka ni ilé tirẹ̀, ibòji rẹ̀ ò sì tó ẹnì kan í jókòó sí. Bí ewé kan bá bọ́, ìgbálẹ̀ ti dé. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á dáná sun ún.

Mi ò bá àlejò jà. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà, òkèèrè ni wọ́n ti wá, a sì ń fi wọ́n yó. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ kòkòrò ibí ò lè jẹ ewé àlejò. Labalábá kì í yé ẹyin sórí ewé tí ọmọ rẹ̀ ò ní lè jẹ. Bomubómu tí à ń gé dànù lẹ́bàá títì yẹn, òun ni oúnjẹ ọmọ labalábá pupa rúsúrúsú kan tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tó ní tóótòòtó funfun. Ẹ gé bomubómu tán, kẹ́ ẹ wá máa bi mí pé níbo ni labalábá wà. Ẹ tún wo sányán, baba aṣọ. Inú ìtẹ́ kòkòrò igbó ni wọ́n ti ń yọ òwú rẹ̀, ewé igi bí ìrà àti arère ni kòkòrò náà sì ń jẹ. Sányán tí à ń wọ̀ lóde lónìí ńkọ́? Òwú ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀gà pàápàá, ó lè jẹ ọkà lójoojúmọ́, àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà nínú ìtẹ́, kòkòrò ló fi ń bọ́ ọ. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tí wọ́n ń fín oògùn sí, kí ló fẹ́ rí he níbẹ̀?

Igun kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan. Ìdajì pulọ́ọ̀tì tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í gbé kánópì sí. Ẹ gbin ọdán sí i, ẹyẹ àti àdán ló ń jẹ èso rẹ̀. Ẹ fi akòko àti pèrègún sọgbà yí i ká. Ẹ kàn gé ọ̀pá wọn rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, wọ́n á hù. Kí ewé tó bá bọ́ máa jẹrà síbẹ̀. Igi tó bá wó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìkán àti alángbá. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lọ́dún méjì àkọ́kọ́ o, torí ewé Akíntọ́lá á fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa fà á tu. (Àlejò lòun náà, Amẹ́ríkà ló ti wá, a kàn fún un lórúkọ olóṣèlú wa ni.)

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Japan, Akira Miyawaki, tó kú ní 2021. Irú igbó kékeré báyìí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ gbìn. Kó tó yan igi, ó kọ́kọ́ ń lọ wo èyí tó ń hù nínú igbó ojúbọ wọn, torí ibẹ̀ ni àdá ò tíì dé. Igbó ojúbọ, ẹ̀yin èèyàn mi! Àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀. Ìlú Yorùbá wo ni ò ní igbó Orò tàbí ìgbàlẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, ṣì wà létí ìlú, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé láti 2005. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù la ti tà, tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa bọ òrìṣà, Kristẹni lèmi. Igbó ni mò ń sọ.

Ìbátan ẹ̀gà kan wà, ó dúdú, ó pupa, orúkọ ìlú wa làwọn onímọ̀ fún un: Malimbus ibadanensis. J. H. Elgood, olùkọ́ ní yunifásítì ibí, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó sì ti ń tán lọ. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn níbí, wà lára ibi tó kù tó fara pa mọ́ sí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ìdajì pulọ́ọ̀tì ò lè mú un padà wá, igbó gidi ló ń fẹ́. Àmọ́ ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ẹ̀gà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó káàánú ìbátan ẹ̀gà?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "Ejò ńkọ́?" Ejò lè wá lóòótọ́. Ó wà nínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé yín náà, eku ló ń bá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pèrègún yẹn ki dáadáa, kí ọmọdé má baà lè kó wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ àwọn jàǹdùkú lẹ̀rù wọn ń bà yín, ẹ gbé igun náà síbi tí ẹ̀ṣọ́ ń jókòó. Ní ti ẹ̀fọn, ẹ má gbẹ́ kòtò omi síbẹ̀ bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní bójú tó o.

Mo lọ bá alábòójútó ọgbà yẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó fún mi ní mínírà, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní, "Mọ́mì, ṣé igbó yẹn á máa pawó wọlé ni?" Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ìyá olùkọ́ látàárọ̀, mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìtọ̀ ni mo gbà jáde. Ọ̀pẹ gíga kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pá wọn ò tó. Ẹ̀gà ti kún orí rẹ̀ bámú, wọ́n ti ya gbogbo imọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n sì ń pariwo.