Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún módúlù ìgbàwọlé 24 V DC

Ẹ kú iṣẹ́, oníbàárà wa, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síta. Ẹ ní módúlù náà, tó ń gba àmì láti bọ́tìnnì àti sẹ́ńsọ̀ wá fún PLC (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ), ń ṣiṣẹ́, àmọ́ olùbẹ̀wò kò fọwọ́ sí páńẹ́lì yín nítorí bọ́tìnnì ìdádúró pàjáwìrì tí ẹ so mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ àmì CE wà lára rẹ̀. Ẹ tún ní iná ta pàrà nígbà tí ọmọṣẹ́ yín fẹ́ yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ohun tó ṣe é? Ìyẹn ló kọ́kọ́ ká wa lára.

A jẹ̀bi níbì kan. A kọ “ó ní CE” gàdàgbà síbi tí a ti ń polówó ọjà yìí, a ò sì kọ ọ́ pé kì í ṣe módúlù ààbò. A ti tún un kọ báyìí.

Olùṣe ọjà ló ń fi CE sọ pé òun tẹ̀lé òfin Yúróòpù tó kan ọjà náà. Òfin 2014/35/EU lórí ewu iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ láti 50 V AC àti 75 V DC. Módúlù 24 V DC kò dé ibẹ̀ rárá. Èyí tó kàn án ni 2014/30/EU, pé kò ní fi ariwo iná (ìdíwọ́ inú iná, kì í ṣe ariwo etí) da ẹ̀rọ mìíràn láàmú, ariwo tiwọn náà ò sì ní tètè dà á rú. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì pàjáwìrì ò sí níbẹ̀.

Olùbẹ̀wò yín jàre. Bí ojú ìgbàwọlé kan lára módúlù lásán bá bàjẹ́ tó há sí 1 (ìyẹn “iná ń wọlé”), PLC á máa rò pé ẹnikẹ́ni ò tẹ bọ́tìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún un tẹ̀, ẹ̀rọ ń yí lọ, ọwọ́ èèyàn sì lè wà nínú rẹ̀. Relay ààbò, swíìṣì tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, ń gba àmì láti kọ́ńtáàtì méjì lára bọ́tìnnì, ó ń fi wọ́n wéra. Bí wọn ò bá bára mu, ó gé iná. ISO 13850, ìlànà àgbáyé lórí ìdádúró pàjáwìrì, kò gbà kí iṣẹ́ yìí rẹlẹ̀ ju PL c lọ (PL ni ìpele tí wọ́n fi ń wọn bí ààbò ṣe ṣeé gbára lé tó). Ẹ má ju módúlù yín nù o. Ẹ gbé bọ́tìnnì lọ sórí relay ààbò, kí ẹ wá fa wáyà láti kọ́ńtáàtì ìròyìn rẹ̀ wá sí módúlù yìí, kí PLC lè mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Relay ni yóò dá ẹ̀rọ dúró, módúlù á kàn máa ròyìn.

Ní ti iná tó ta, ẹ ní ẹ ti pa PLC, mo sì gbà yín gbọ́. Àmọ́ iná tó ń bọ́ sẹ́ńsọ̀ àti swíìṣì sábà máa ń wá láti orísun mìíràn. Òun ló ṣì wà lẹ́nu wáyà. Ẹ pa méjèèjì, ẹ fi àgádágodo tì wọ́n, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà kí ó dán mítà wò níbi tí iná wà, kó tó fi wọn ẹnu wáyà. Bí gáàsì bá lè kóra jọ níbi iṣẹ́ yín, ẹ má fi módúlù yìí síbẹ̀ rárá, kò ní àmì Ex, èyí tí wọ́n ń fi sára ohun èlò tó yẹ fún ibi tí gáàsì lè gbaná.

Ẹ fi àwòrán wáyà páńẹ́lì náà ránṣẹ́ sí wa, a ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ dá a padà ni, a ó gbà á, a ó sì san owó yín pé.