Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè jẹ ìdárayá oṣù mẹ́rin run

Bọ̀dá kan tún ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ asáré wa. Àbúrò wa obìnrin kan ló béèrè ohun tóun lè ṣe sí ojúgun tó ń dun òun, nígbà tí Lagos City Marathon ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èsì bọ̀dá nìyí: "Má sinmi o! Tóo bá fi lè jókòó ọ̀sẹ̀ kan péré, gbogbo èémí tóo ti kó jọ ti lọ nìyẹn. Fi róòbù ra á, lo ibuprofen méjì, máa sá a lọ. Tó bá ti gbóná, á lọ fúnra rẹ̀." Kíá làwọn èèyàn ti ń nàka àtàǹpàkò sókè lábẹ́ rẹ̀.

Ó ti sú mi. Ọdọọdún la ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọdọọdún náà la sì ń rí àwọn tó ń tiro lójú títì Ikorodu kí wọ́n tó dé Third Mainland Bridge rárá.

Irọ́ ni. Ní 1984, Edward Coyle, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìdárayá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú eléré ìdárayá méje tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ líle bọ̀ láti ọdún pípẹ́, wọ́n ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara wọn lè lò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 dín kù. Méje péré, fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan! Nígbà tó fi tó bí oṣù mẹ́ta, ó di 16. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ dín kù, ìyẹn sì wà lára ohun tó tètè ń padà téèyàn bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé èèyàn méje kò pọ̀, ara ò sì dọ́gba.

Àwọn kóòṣì tó mọṣẹ́ pàápàá, wọ́n máa ń dín eré kù dé ìlàjì ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Kí wá ni ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn ń sá sí?

Joan Benoit, obìnrin asáré máratọ́ọ̀nù ọmọ Amẹ́ríkà, ni mo fi máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń sá eré gígùn kan. Ó ṣe é títí, kò gbà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Ìdíje tí wọ́n máa fi yan àwọn tó ń lọ sí Òlíńpíìkì ku ọjọ́ 17! Láwọn ọjọ́ tí kò tíì lè sáré, ọwọ́ ló fi ń wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá, kí èémí rẹ̀ má baà sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, nílùú Olympia ní ìpínlẹ̀ Washington, òun ló gba ipò kìíní, pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 31 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ní oṣù kẹjọ, ó gba góòlù ní Los Angeles, níbi máratọ́ọ̀nù àwọn obìnrin àkọ́kọ́ nínú Òlíńpíìkì.

Ẹ wá wo ẹni tó gba ọ̀nà oògùn. Ọdún 2004, kò sóbìnrin tó tíì sá máratọ́ọ̀nù yá tó Paula Radcliffe láyé. Ẹsẹ̀ dùn ún nígbà tí Òlíńpíìkì Athens kù bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lo oògùn tó ń gbógun ti wíwú àti ìrora, oògùn náà sì da ikùn rẹ̀ rú débi pé oúnjẹ ò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bíi kìlómítà 36, ó dúró lẹ́bàá títì, ó ń sunkún. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ara rẹ̀ ti yá, ó gba ipò kìíní ní New York. Àwa sì ń pín ibuprofen fún ara wa bíi gúgúrú, nínú oòrùn Èkó tó ń fa omi ara gbẹ, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn lè pa kíndìnrín lára nírú ipò bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹni tó sinmi máa ń wúwo. Ọjọ́ kìíní téèyàn bá padà sẹ́nu eré nìyẹn.

Ti "á gbóná, á lọ" ló burú jù. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ máa ń dákẹ́ tó bá gbóná, àmọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ò ní lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Ó ṣe mí rí. Mo kúrò lójú títì, mo gba púùlù lọ, mo so bẹ́líìtì tó ń gbé èèyàn léfòó mọ́dìí, mò ń sáré nínú omi láìtẹlẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, mo gun Third Mainland Bridge, mo sọ̀ kalẹ̀ láìtiro.

Ojúgun tún yàtọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dùn káàkiri, ẹ̀rù rẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló dùn yín wọra, ẹ má sáré rárá, ẹ lọ rí dókítà, nítorí egungun lè ti fẹ́ là. Ọ̀rẹ́ mi kan tẹ ojú kan náà, ó mọ̀ ọ́n lára, síbẹ̀ ó sá a nítorí pé wọ́n ní èémí á lọ. X-ray àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan hàn, bó sì ṣe sábà máa ń rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti là, ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn pẹ̀lú ọ̀pá.