Ta Ló Ti Rí Ìwé Owó Káńsù Rí?

Ọmọ Ìdí Ọjà:
Ẹ̀yin ará ilé, mo ní ìbéèrè kan. Ìlú kékeré tí mò ń gbé lẹ́yìn odi Àbújá yìí wà lábẹ́ ọ̀kan nínú káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. N ò ní sọ èwo, torí ìsọ̀ mi ò jìnnà sí ọ́fíìsì wọn. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan sí ẹnu ọjà wa. Omi yọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Pátákó tó gbé orúkọ alága àti àwòrán rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ohun tí kò sí lára pátákó náà ni iye tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi òfin mú gbogbo káńsù láti máa lẹ ìwé owó mọ́ ẹnu ọjà lóṣooṣù: iye tó wọlé rè é, iye tó jáde rè é, ẹni tí a san án fún rè é. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ọlọ́fà:
Ìwé lẹ́nu ọjà? Òjò kan péré, ó tán. Ewúrẹ́ á jẹ ìyókù. Ìṣòro káńsù ní Nàìjíríà ni pé àwọn gómìnà jókòó lé owó wọn nínú àkáǹtì àjọni tí abala 162 ìwé òfin ilẹ̀ wa dá sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá ẹjọ́ yẹn ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024: kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, kí gómìnà má sì fi ẹni tí aráàlú kò dìbò yàn ṣe alága mọ́. Ọmọ Kwárà bíi tèmi, Lateef Fagbemi, ló gbé ẹjọ́ náà lọ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn ná, kí a tó máa béèrè ìṣirò.

Akápò Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Àbúrò mi Ọmọ Ọlọ́fà, òótọ́ lo sọ, àmọ́ oko ẹlòmíì lo ń ro. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 36 ni Fagbemi pè lẹ́jọ́. Àbújá kò ní gómìnà. AMAC (káńsù àárín ìlú Àbújá), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, abẹ́ mínísítà Àbújá ni gbogbo wọn wà, INEC, àjọ elétò ìdìbò, ló sì ń ṣètò ìbò wọn. Ẹni tó ń gbé níbí kò rí gómìnà kankan tí yóò di ẹ̀bi rù.

Mo ṣiṣẹ́ nílé ìṣúra káńsù fún ọdún mọ́kàndínlógún ní ìhà Kwárà kí n tó wá bá àwọn ọmọ mi ní Kúbwá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe ń rìn. Nínú ohun tí wọ́n ń pín láti àpò àpapọ̀, 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ní ti VAT, owó orí ọjà, 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ti Àbújá bá dé, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní JAAC á jókòó tì í. Kí alága kankan tó fojú kan kọ́bọ̀, wọ́n á ti yọ owó oṣù olùkọ́ pírámárì, èyí tó máa ń kó apá ńlá lọ, wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á yọ ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ìyókù ni wọ́n á pín fún káńsù, inú ìyókù yẹn náà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ káńsù ti ń jáde. Bí ẹ bá wá lẹ iye tó wọlé mọ́ ògiri láì lẹ iye tí wọ́n ti yọ, ìjà lẹ ń wá. Àwọn èèyàn á rí iye tó wà lókè, wọn ò ní ka ìsàlẹ̀.

Ọmọ Ìdí Ọjà:
Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ń bá mi gbèjà ọ̀rọ̀ mi. Kí wọ́n lẹ méjèèjì! Ẹ ní owó oṣù olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Kí ló wá dé tí àwọn olùkọ́ pírámárì Àbújá fi daṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ ní 2025, lórí ₦70,000 tí wọ́n ti sọ di òfin láti oṣù keje 2024? Mínísítà ń tọ́ka sí àwọn alága, àwọn alága ní owó kò tó. Ká ní ìwé wà lára ògiri ni, ọmọdé á mọ ẹni tó ń purọ́.

Akápò Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Àfikún àti àjẹsílẹ̀ ló dá ìjà yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ìpìlẹ̀ owó oṣù. Ṣùgbọ́n n ò ní bá ọ jiyàn níbẹ̀. Kò sí ará ìlú kan tó rí ìwé tó fi lè dá wọn lẹ́jọ́.

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀:
Ẹ dákun, ta ló ń san owó orí fún káńsù nínú gbogbo yín? Epo rọ̀bì ló ń bọ́ wọn. Ẹni tí kò dá sí èsúsú kì í béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa kó o.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ta ni kò san? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti pàtẹ rí láyé rẹ? Láàárọ̀, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé ìdí igbá mi, onítíkẹ́ẹ̀tì á ti dé. Ti ìjókòó wà, ti ìdọ̀tí wà, òmíì tún wà tí wọn kì í sọ ohun tó wà fún. Ọmọ tó ń fi bárò gbé àpò èlùbọ́ mi láti ìdí ọkọ̀, òun náà ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣírò rẹ̀ mọ́ owó tó ń gbà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà èmi ni mò ń san tirẹ̀ náà. Àwa tí a wà ní ìlà èlùbọ́ nìkan a lé ní ogójì. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ bá mi ro ó pọ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ ńkọ́? Àwa la ń dá owó fún àwọn ọmọ kan kí wọ́n bá wa kó o dànù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, àwọn kan ń jẹun lọ́wọ́.

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀:
Ẹ má bínú, Mọ̀mọ́. Mo gbà pé ẹ dá sí èsúsú.

Ọmọ Ọlọ́fà:
Mọ̀mọ́, bárò tí ẹ dárúkọ yẹn wà nínú ìwé òfin 1999 o! Ẹ ṣí àfikún kẹrin: káńsù ló ń fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò ní ìwé àṣẹ. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, orúkọ àdúgbò àti ìdọ̀tí náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rántí bárò. Ibi tí wọ́n ti ní kí alárú tó ń ti bárò rí ìwé owó ni n kò rí.

Ọmọ Òkun:
Kò sí nínú ìwé òfin yẹn, ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin FOI ti 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Kọ lẹ́tà, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá ọ lóhùn. Ẹni tó bá fi ìwé pamọ́ láìtọ́, ₦500,000 ni owó ìtanràn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò mọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Ó dùn ún kà, àbí? Mo dán an wò. Mo kọ lẹ́tà sí káńsù kan, mo gbé e lọ fúnra mi, mo ní kí wọ́n bá mi buwọ́ lu ẹ̀dà tèmi. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹgbẹ́ wo lẹ wà?” Mo ní ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì ni. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ̀rín yẹn ni èsì tí mo rí gbà títí dòní, oṣù karùn-ún rè é.

Àti pé, Ọmọ Ìdí Ọjà, owó tó wọlé kọ́ ló ṣókùnkùn. Láti ìgbà tí Ngozi Okonjo-Iweala ti kọ́kọ́ jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ni wọ́n ti ń gbé iye tí káńsù kọ̀ọ̀kan gbà jáde fáráyé. Ẹ̀gbẹ́ tó jáde ni a ò rí. Àwọn ìpínlẹ̀ pàápàá, ìgbà tí Báǹkì Àgbáyé gbé owó ètò SFTAS wá fún ìpínlẹ̀ tó bá ń fi ìṣirò hàn, láàárín 2018 sí 2022, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káńsù kò sí nínú ètò yẹn.

Ọmọ Ọlọ́fà:
Kì í kúkú ṣe pé wọn ò gbìyànjú láti di ihò náà. Ní 2019, NFIU, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń rìn ní báǹkì, ní káńsù kankan kò gbọdọ̀ gba ju ₦500,000 owó tútù lọ lójúmọ́. Ìyókù, láti àkáǹtì sí àkáǹtì.

Agbẹ́kànga:
Hẹ̀ẹ́. Ọ̀gá, èmi ni àkáǹtì yẹn.

N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ ti dé ẹnu iṣẹ́ mi. Mo ti gba iṣẹ́ káńsù rí, n ò ní dárúkọ wọn, n kò sì gbà á mọ́. Wọ́n sanwó sínú àkáǹtì mi bó ṣe yẹ, kò sí àléébù kankan lórí ìwé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìpè ti wọlé: gba tibí jáde, gbé e fún lágbájá, fi tọ̀hún ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyàwó tàmẹ̀dò. Ohun tó kù fún mi kò tó ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe kànga ẹnu ọjà yín. Ilẹ̀ Àbújá yìí, òkúta ló wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ iyanrìn bíi ti Èkó. Inú ibi tí òkúta ti sán ni omi wà, o sì ní láti wá a: kí o kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, kí o gbẹ́ wọnú òkúta, nígbà míì o lè gbẹ́ kan kó gbẹ, kí o lọ sí ibòmíì. Owó ni gbogbo ìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti gba ìdajì lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí òkúta líle bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa dúró. Omi orí òkúta tí òjò rọ sílẹ̀ ló máa fà fún yín. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó tán. Ṣé oṣù kìn-ín-ní ni tiyín dákẹ́?

Ọmọ Ìdí Ọjà:
Ìparí oṣù kejìlá.

Agbẹ́kànga:
Ó rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ iye owó àti iye mítà tí wọ́n gbẹ́ sára pátákó yẹn, ó tó. Agbẹ́kànga míì tó bá ń kọjá á dúró, á kà á, á sì pariwo.

Akápò Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀, mo ń mi orí. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ò wù mí gbèjà mọ́, àmọ́ mo ṣì takú lórí ìwé ara ògiri. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé tó dára lójú. Èmi náà ti kọ ọ́ rí, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nílé ìṣúra, ìwé rìsíìtì kì í ṣe ìwé lásán. Inú séèfù la ń tì í mọ́, bí ẹni ń ti owó mọ́lé. Ewé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, méjì kì í jọra. Agbowó tó bá gba ìdì kan á buwọ́ lùwé nínú rẹ́jísítà, láti nọ́ńbà báyìí dé báyìí. Bó bá já a tán, á kó kùkùté rẹ̀ padà wá pẹ̀lú owó, kí a tó fún un ní òmíràn. Ọdítọ̀ tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì, kùkùté rìsíìtì yẹn ló ń béèrè. Owó tó ń ti àpò àpapọ̀ wá gba ọ̀nà jíjìn, ojú púpọ̀ ló ti rí i. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin kan ni. Ìyá, ẹ dákun, ṣé nọ́ńbà wà lára èyí tí wọ́n ń já fún yín?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Nǹkan pupa kan wà lókè rẹ̀. Mi ò wò ó rí. Ẹ dúró, mò ń tú àpò ìdí mi.

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀:
Èmi ò ní sùn lónìí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ti Mọ́ńdè: 0417. Ti Túsìdeè: 0417. Ti òní ti di funfun fún èlùbọ́, mo gbọ̀n ọ́n nù kí n tó rí i: 0417. Mo ní kí ìyá onírú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú tirẹ̀ wá. 0417 ni.

Akápò Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ẹ má jù wọ́n nù o. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ẹ má gbé e síbí.

Ọmọ Ìdí Ọjà:
Mọ̀mọ́, mò ń bọ̀ ní ìsọ̀ yín. Mo ti rí méjì nínú dúrọ́ọ̀ mi.